Ẹ Béèrè, À Ń Dáhùn: Kirsty Coventry àti àmì ẹ̀yẹ méje tó gbà nínú omi

Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò yan Kirsty Coventry, ọmọ Zimbabwe, sí ipò Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ní oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́tà tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ń kọ nípa rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ipò tuntun náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń béèrè nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó béèrè nípa iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́, ni a fẹ́ fún ní àyè púpọ̀ jù nínú ìtẹ̀jáde yìí. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mí ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ pé Kirsty Coventry ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíńpíìkì. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni gbogbo ohun tó gbà gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọmọ. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní Helsinki lọ́dún 1952, Joan Harrison, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló gba wúrà nínú ìwẹ̀ àfẹ̀yìnwẹ̀ ti mítà 100. Penny Heyns, tí òun náà jẹ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà, sì gba wúrà méjì ní Atlanta lọ́dún 1996. Iye ni Coventry fi ta gbogbo wọn yọ. Àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì méje ló gbà, wúrà 2, fàdákà 4 àti idẹ 1, kò sì sí ọmọ Áfíríkà mìíràn, nínú eré ìdárayá èyíkéyìí, tó tíì gba iye bẹ́ẹ̀. Tirunesh Dibaba, asáré ọ̀nà jíjìn ọmọ Etiópíà, ló sún mọ́ ọn jù, mẹ́fà sì ni tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tó, ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì tí Zimbabwe ti gbà láti ọdún 1980, tó gba òmìnira, títí di ẹ̀yìn ìdíje Paris ti ọdún 2024. Mẹ́jọ ni. Àwọn obìnrin tó gbá họ́kì ní Moscow lọ́dún 1980 ló gba ọ̀kan, Coventry nìkan ló sì gba méje yòókù.

Ìlú Harare ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1983. Ó ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì, ní Sydney lọ́dún 2000. Ọjọ́ kejì ayẹyẹ ìṣíde ló pé ọmọ ọdún 17. Kò gba nǹkan kan bọ̀, ṣùgbọ́n ó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ibi tí òmùwẹ̀ Zimbabwe kankan kò tíì dé rí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Athens, ó gba fàdákà nínú àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 100, idẹ nínú ìwẹ̀ olóríṣi mẹ́rin ti mítà 200, àti wúrà nínú àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 200, èyí tó fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 9.19 wẹ̀, tí Stanislava Komarova ọmọ Rọ́ṣíà sì tẹ̀ lé e. Mẹ́rin yòókù, Beijing ló ti gbà wọ́n lọ́dún 2008, a ó sì sọ̀rọ̀ wọn dáadáa nísàlẹ̀. Ó tún lọ sí London lọ́dún 2012 àti Rio de Janeiro lọ́dún 2016. Ipò kẹfà ló ṣe nínú àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 200 ní ìlú méjèèjì, lẹ́yìn Rio ló sì fi ìdíje sílẹ̀. Òlíńpíìkì márùn-ún nìyẹn, láti ọmọ ọdún 16 títí dé ọmọ ọdún 32.

Fàdákà mẹ́rin, wúrà méjì péré. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó máa ń ṣe ipò kejì kì í ṣe ògbóǹtarìgì. Kí lẹ rí sí i? Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé.

A kò fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n yín jiyàn ní gbangba, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Beijing láàárín ọjọ́ méje ná.

Ìwẹ̀ olóríṣi mẹ́rin ti mítà 400 ló kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ. Nínú ìdíje yìí, òmùwẹ̀ yóò kọ́kọ́ wẹ mítà 100 bíi labalábá, yóò yí ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mítà 100, yóò wẹ 100 bí ọ̀pọ̀lọ́, kí ó tó fi ìwẹ̀ tó bá wù ú, tó yàtọ̀ sí mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, parí rẹ̀. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí obìnrin kankan láyé tó tíì fi àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 wẹ̀ ẹ́. Katie Hoff ọmọ Amẹ́ríkà ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 31.12, òun náà sì wà nínú omi lọ́jọ́ náà. Stephanie Rice ọmọ Ọsirélíà fọwọ́ kan ògiri ní 4:29.45. Coventry fọwọ́ kan án ní 4:29.89. Hoff gba idẹ. Ẹni tó ṣe ipò kejì, nígbà náà, ti yára ju ohunkóhun tí obìnrin kankan ti ṣe rí kí ìdíje ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín òun àti wúrà kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ nínú ìwẹ̀ olóríṣi mẹ́rin ti mítà 200 ní ọjọ́ 13. Rice, 2:08.45, Coventry, 2:08.59. Àkókò Coventry yìí dára ju rẹ́kọ́ọ̀dù tí Rice fúnra rẹ̀ gbé wá sí Beijing. A kò mọ orúkọ mìíràn tí ènìyàn lè pe irú ipò kejì bẹ́ẹ̀ ju pé obìnrin méjì fò kọjá ibi tí ayé dé, tí ọ̀kan sì fi ìka ọwọ́ ṣáájú.

Fàdákà kan wà, síbẹ̀, tí àwa náà gbà pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ni ti àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 100. Nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó wẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 58.77, ó sì fi gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Lọ́jọ́ kejì, nínú àṣekágbá gan-an, ìṣẹ́jú àáyá 59.19 ló wẹ̀. Natalie Coughlin ọmọ Amẹ́ríkà ló gba wúrà pẹ̀lú 58.96. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: bí Coventry bá tún ohun tó ṣe lọ́jọ́ àná ṣe, òun ni ìbá gbà á. Ó ti lo agbára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kì í pín wúrà. Coughlin yìí kan náà ló ti gba wúrà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Athens nínú ìdíje kan náà, tó fi jẹ́ pé fàdákà méjì nínú mẹ́rin náà, ẹnì kan ṣoṣo ló fà wọ́n.

Ọjọ́ 16 ni ti àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 200. Láti mọ ìdí tí wúrà yẹn fi tóbi lójú àwọn tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ ní láti padà sí ọdún 1991, nígbà tí Krisztina Egerszegi ọmọ Húńgárì, ẹni tó wá gba wúrà ìdíje náà ní Òlíńpíìkì mẹ́ta léraléra, fi rẹ́kọ́ọ̀dù 2:06.62 lélẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà lo ju ọdún 16 lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Coventry ló bì í ṣubú, ní oṣù kejì ọdún 2008, níbi ìdíje kan ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà: 2:06.39. Kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà ń yan àwọn tí yóò ṣojú wọn, Margaret Hoelzer gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú 2:06.09. Èyí dùn mọ́ni nítorí pé Hoelzer kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Yunifásítì kan náà, Auburn, ni àwọn méjèèjì ti lúwẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì ló tún pàdé nínú àṣekágbá Beijing. Coventry wẹ̀ ẹ́ ní 2:05.24, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé tuntun, Hoelzer sì gba fàdákà. Fàdákà mẹ́ta léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè mú ẹlòmíràn rẹ̀wẹ̀sì. Òun ló wá ṣe èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ nígbà yẹn ló fún un ní àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣé a lè gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹ lè gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2008, iléeṣẹ́ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ Speedo gbé aṣọ LZR Racer jáde, ó fún ara òmùwẹ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2009, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe èyí tó jẹ́ rọ́bà pátápátá, tó ń gbé ara léfòó. Nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Róòmù lọ́dún yẹn, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé 43 ló wó, èyí tí kò bójú mu rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Coventry: àfẹ̀yìnwẹ̀ mítà 200 ní 2:04.81. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ni àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé ti fòfin dè irú aṣọ bẹ́ẹ̀: aṣọ híhun nìkan ló kù, ti àwọn obìnrin kò sì gbọdọ̀ kọjá orúnkún.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ yín wo nǹkan méjì. Wúrà Athens, àti wúrà méjì tó gbà nínú ìdíje àgbáyé ní Montreal lọ́dún 2005, ti wà nílẹ̀ kí aṣọ LZR tó jáde, ọdún mẹ́ta ló sì wà láàárín Montreal àti aṣọ náà. Lóòótọ́ ni aṣọ tó bo gbogbo ara wà ní Athens, ṣùgbọ́n aṣọ híhun ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a díje ló sì wọ̀ ọ́. Èkejì ni pé aṣọ kì í yan ẹni tó máa gba ipò kìíní nígbà tí irú rẹ̀ bá wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn. Àkókò ló ń bà jẹ́, kò ba ipò jẹ́. Nítorí náà, a lè fi ojú kejì wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Róòmù, èyí tí Missy Franklin ọmọ Amẹ́ríkà wá fi aṣọ híhun bì ṣubú ní London lọ́dún 2012 pẹ̀lú 2:04.06, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ kò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́.

Ọmọ ọdún 14 ni mí, mo ń kọ́ ìwẹ̀ àfẹ̀yìnwẹ̀ ní adágún òtẹ́ẹ̀lì kan ní Abẹ́òkúta. Mo máa ń fi orí gbá ògiri. Báwo ni àwọn bíi Coventry ṣe ń mọ̀ pé ògiri ti dé, nígbà tí wọn kò rí iwájú?

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ wa. Bí o bá wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa, wàá rí okùn kan tí wọ́n so àsíá kéékèèké mọ́, tó gba òkè adágún kọjá. Mítà márùn-ún ló jìnnà sí ògiri. Òmùwẹ̀ tó ń wo òkè yóò rí àsíá náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí apá rẹ̀ yí kí ó tó dé ògiri. Níbi ìgbáradì ló ti mọ iye tirẹ̀, kì í sì í yí padà. Bí òtẹ́ẹ̀lì yín kò bá ní àsíá, bẹ olùkọ́ rẹ kí ó ta okùn kan pẹ̀lú aṣọ pélébé mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú àfẹ̀yìnwẹ̀, inú omi ni ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀: òmùwẹ̀ yóò di irin mú, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ògiri, yóò wá ta ara rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí àti lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yípo ní ògiri, òfin gbà á láyè láti wà lábẹ́ omi fún mítà 15, kí ó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ tapá bí ìrù ẹja. Nínú adágún mítà 50, mítà 200 jẹ́ ìlọ àti àbọ̀ ní ìgbà méjì, ìyẹn ni pé ìyípo mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyípo ṣe dáadáa yóò máa san gbèsè ní ìgbà mẹ́ta. Apá rẹ lè lágbára, ṣùgbọ́n ibi ògiri ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ìlú London ni mo ń gbé. Aláwọ̀ funfun ni Coventry, ìgbà tó sì ń gba àmì ẹ̀yẹ gan-an ni ìjọba Mugabe ń gba oko lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Báwo ni àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe tẹ́wọ́ gbà á?

Ìbéèrè yìí wúwo, a sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè rẹ̀ láìfi bò. Ọdún 2000 ni gbígba oko náà ti gbóná, nígbà tí Coventry fi máa dé láti Athens lọ́dún 2004, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti lé kúrò lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, àwọn èrò dúdú ló tú jáde sí pápákọ̀ òfurufú Harare pẹ̀lú ìlù àti ijó láti pàdé rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn nígbà náà pé àwọn òbí ń sọ ọmọ tuntun ní Kirsty, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi àmì ẹ̀yẹ àti irú ìwẹ̀ tó wẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Èyí kò lè ya Yorùbá lẹ́nu púpọ̀, àwa tó jẹ́ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Lọ́dún 2008, ìlú ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó Zimbabwe ti di bébà lásán, ìbò ààrẹ ọdún náà sì ti mú ìwà ipá púpọ̀ wá. Nígbà tí Coventry padà láti Beijing, Mugabe gbé àpótí owó fún un, dọ́là Amẹ́ríkà 100,000, ó sì pè é ní ọmọbìnrin wúrà. Ó hàn sí gbogbo ènìyàn ohun tí ìjọba tí ayé ń bínú sí fẹ́ rà pẹ̀lú àpótí yẹn. Ojú tí a fi wò ó ni pé ìfẹ́ àwọn èrò pápákọ̀ òfurufú àti ìfẹ́ Mugabe kì í ṣe nǹkan kan náà, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Àwọn èrò ń yọ̀ nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, orúkọ ìlú wọn dé etí ayé láìjẹ́ pé ìròyìn ebi ló gbé e. Coventry fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ìjọba, kò sì di agbẹnusọ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan pe èyí ní ọgbọ́n, àwọn mìíràn pè é ní ìbẹ̀rù.

Èmi ti pẹ́ ní Houston. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà ló ṣe ọmọ yìí di òmùwẹ̀, tí Zimbabwe kàn wá gba ògo?

Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá náà sì tóbi. Lẹ́yìn Sydney, Auburn, yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí ìlúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí Harare kò lè fún un: àwọn obìnrin tó lè borí rẹ̀ ní ìgbáradì ojoojúmọ́. Auburn jẹ́ alágbára nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà nígbà náà. Kim Brackin ló kọ́ ọ níbẹ̀, nígbà tí Brackin sì lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin, Coventry tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ láti múra sílẹ̀ fún Beijing. Bí a bá ń ka wákàtí tó lò nínú omi láàárín Sydney àti Beijing, Amẹ́ríkà ló ni èyí tó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Sydney yẹn náà. Auburn kò mú ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tó ti dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Òlíńpíìkì láti inú adágún ìlú rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ìlú rẹ̀, ni wọ́n gbà. Ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ wà ní Harare tí wọ́n ń ṣe ìdíje láàárín ara wọn, Zimbabwe sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ ní Áfíríkà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Ohun tó wù wá jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó lè yí ìwé ìrìnnà padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá Áfíríkà ti ṣe, kò sì ṣe é. Nínú Òlíńpíìkì márààrún, àsíá Zimbabwe ló wà ní àyà rẹ̀.

Báwo ni òmùwẹ̀ ṣe di Ààrẹ Òlíńpíìkì gbogbo àgbáyé? Ṣé wúrà ni wọ́n fi ń dìbò?

Wúrà kọ́. Nígbà ìdíje London lọ́dún 2012, ó bá wọn du ìbò tí àwọn eléré ìdárayá fúnra wọn ń dì láti yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ àwọn eléré, ipasẹ̀ ìbò náà ló sì fi di ọmọ ẹgbẹ́ Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé lọ́dún 2013. Láti 2018 sí 2021, òun ni alága ìgbìmọ̀ àwọn eléré náà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹta, ọdún 2025, ní Costa Navarino ní ilẹ̀ Gíríìsì, ènìyàn méje ló du ipò Ààrẹ tí Thomas Bach ń fi sílẹ̀. Ìbò 97 ni wọ́n dì, Coventry gba 49 ní ìpele kìíní, iye tó kéré jù lọ tí ènìyàn lè fi borí pátápátá. Juan Antonio Samaranch kékeré gba 28, Sebastian Coe, gbajúmọ̀ asáré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì gba 8. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún náà ló gba ọ̀pá àṣẹ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wà nípò náà láti ọdún 1894 tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ ọ̀hún sílẹ̀.

A kò ní fi apá kan pamọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 títí di ọdún 2025, òun ni Mínísítà eré ìdárayá nínú ìjọba Emmerson Mnangagwa, Ààrẹ Zimbabwe, a kò sì lè sọ pé ó tàn níbẹ̀ bó ti tàn nínú omi. Lọ́dún 2020, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà sọ pé pápá ìṣeré ńlá Harare kò yẹ fún ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì yá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Zimbabwe gba àwọn ìdíje ilé kan ní ìlú onílùú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, FIFA lé orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú ìdíje nítorí pé ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n tó gbà wọ́n padà. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìwà ìbàjẹ́ àti ẹ̀sùn fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ àwọn obìnrin adájọ́ bọ́ọ̀lù lẹ́nu ni ìjọba ń gbógun tì. Àwọn tó takò ó ní pápá ìṣeré kò tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí.

Ìyá ọlọ́mọ ni mí ní Èkó. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 9, ó fẹ́ràn omi gan-an. Ṣé ọ̀nà wà fún ọmọ Nàìjíríà láti dé ibi tí obìnrin yìí dé?

Ọ̀nà láti dé Òlíńpíìkì wà, ìyá wa, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ọ̀nà láti gba àmì ẹ̀yẹ, ó sì dára kí ẹ mọ ìyàtọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, àjọ àgbáyé máa ń kéde àkókò kan. Ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó yára jù ú lọ níbi ìdíje tí àjọ náà fọwọ́ sí yóò lọ, orílẹ̀-èdè kan kò sì lè mú ju méjì lọ fún ìdíje ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní ẹni tó kájú àkókò náà lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè fún ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí gbogbo ayé baà lè ní aṣojú. Abiola Ogunbanwo lúwẹ̀ẹ́ fún Nàìjíríà nínú mítà 100 ní ìdíje Tokyo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. Nàìjíríà kò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíńpíìkì.

Ohun tó sé ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ wa kì í ṣe ara wọn. Adágún mítà 50 ni Òlíńpíìkì ń lò, ọ̀pọ̀ adágún òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ kò tó ìdajì rẹ̀, òmíràn kò tilẹ̀ gùn tó mọ́tò márùn-ún. Ọmọ tó bá kọ́ nínú irú rẹ̀ yóò mọ ògiri tì, kò ní mọ omi wẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí ẹ wá, kì í ṣe olùkọ́ àdáni nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń mú àwọn ọmọ lọ sí adágún mítà 50, bóyá wọ́n ń kọ àkókò ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ìdíje tí wọ́n ti lọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ omi nígbà tí olùkọ́ bá yíjú sí ibòmíràn. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin yìí lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí adágún wọn gùn tó.